Ẹ̀kọ́ Tí Ọlọ́hun Fi Sí Ara Ọmọ-Ọmọ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn ní aláìlágbára, tí ó sọ aláìlágbára di alágbára, tí ó sì tún sọ alágbára di arúgbó tí orí rẹ̀ funfun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Nínú Súrà An-Nahl, áyà 72, Ọlọ́hun ka díẹ̀ nínú àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ènìyàn. Ó dárúkọ aya, Ó dárúkọ ọmọ, Ó sì dárúkọ ọmọ-ọmọ, kí Ó tó wá dárúkọ arísìkí tí ó dára. Ètò yìí yẹ ní ohun tí à ń ronú sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ka ìdẹ̀ra, ilé àti ọkọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kà. Bí wọ́n bá dé orí ọmọ-ọmọ, ariwo ni wọ́n ń kà á sí. Àwọn mìíràn kà á sí èrè ogbó, ẹni tí yóò bu omi fún wọn mu, tí yóò bá wọn wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní dá lé orí pé olùkọ́ ni ọmọ-ọmọ jẹ́ pẹ̀lú, àti pé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àgbà a máa korò nígbà mìíràn.

Bàbá kan wà ní ìlú Ìbàdàn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn àgbà tí wọ́n máa ń dúró ní sàfù kìíní ní mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀. Kì í pa ìrun jẹ, kì í jẹ ààwẹ̀ níyà, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní Mùsùlùmí orúkọ lásán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ó máa ń fi ti ara òpó mọ́sálásí. Ọ̀pá náà kì í ṣe ti ìtilẹ̀. Ti lílé ọmọ ni.

Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó, tí iṣẹ́ alẹ́ kò sì jẹ́ kí ó lè tọ́jú ọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó mú ọmọ náà wá bá àwọn òbí rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun mójú tó o fún ọdún kan. Ọmọkùnrin ni, kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó sì máa ń wà níbẹ̀. Báyìí ni bàbá tí kò mọ bí àwọn ọmọ tirẹ̀ gan-an ṣe dàgbà, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ ní àárọ̀, tí ó sì ń lọ sí ìpàdé ní alẹ́, ṣe wá di olùtọ́jú ọmọ ní ọjọ́ ogbó.

Ibi àlùwàlá ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó lórí àpótí, ó gbé búùtà, ọmọ náà sì wá lósòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí bàbá ti fọ ọwọ́ ni òun náà fọ ọwọ́. Bí bàbá ti fi omi ṣan ẹnu ni òun náà ṣan ẹnu, àfi pé ó gbé omi tirẹ̀ mì. Nígbà tí bàbá fi ọwọ́ tútù pa orí, tí ó sì ti ìka bọ etí, ọmọ náà béèrè pé, "Bàbá àgbà, ṣé etí yín náà dọ̀tí ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, ó rántí ohun tí etí náà gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná ní ìpàdé àwọn onílé, bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń jẹ ẹran ara ẹnìkejì wọn tí kò sí níbẹ̀. Òun kò dá sí i. Ṣùgbọ́n òun kò dìde.

Muslim gba hádíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah pé bí Mùsùlùmí bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fi ojú wò a máa bá omi ojú rẹ̀ jáde, èyí tí ó fi ọwọ́ ṣe a máa bá omi ọwọ́ rẹ̀ jáde, èyí tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a sì máa bá omi ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Nínú Muwatta ti Imam Malik, orí náà wà níbẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ a máa kúrò lórí títí yóò fi gba etí jáde. Bàbá mọ àwọn hádíìsì wọ̀nyí dáadáa. Ó ti fi wọ́n ṣe wáàsí rí. Ṣùgbọ́n láti bí àádọ́ta ọdún tí ó ti ń fi omi pa etí, kò sí ọjọ́ kan tí ó bi ara rẹ̀ bóyá etí náà dọ̀tí. Ó dá ọmọ náà lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó dọ̀tí."

Èyí tí ó tẹ̀lé e korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kò lè lọ sí mọ́sálásí, ó sì kí ìrun Àlàásárì nínú ilé. Lẹ́yìn tí ó ti parí, ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ọmọ náà tí ó tẹ́ ìborùn ìyá àgbà sílẹ̀, tí ó ń kí ìrun. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè, ó kùn yùn-ùn bí oyin, ó tẹ̀ kò tẹ̀ tán, ó nà kò nà tán, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó gbé e, ó tún fi kan ilẹ̀, bí adìẹ tí ó ń ṣá àgbàdo. Láàárín rẹ̀, ó họ ọrùn, ó tún fìlà ṣe, ó sì bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

Bàbá sọ pé, "Ta ni ó kọ́ ọ ní irú ìrun báyìí?"

Ìyá àgbà, tí òjò ti lé dé láti ọjà, dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Àlààjì, ẹ má bínú o. Tiyín ni ó ń kí yẹn."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òjò ti dá ni ó ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ bàbá lára.

Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá nípa ọkùnrin tí ó wọ mọ́sálásí Ànábì, tí ó sáré kí ìrun, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ó wá kí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun jẹ́ ẹ, ó sì ní kí ó padà lọ kí ìrun nítorí pé kò tíì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dá a padà, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ó kọ́ òun, tí Ànábì sì kọ́ ọ bí a ti ń tẹ̀ tí ara yóò fi balẹ̀, bí a ti ń nà tí ènìyàn yóò fi dúró ṣánṣán, àti bí a ti ń forí kanlẹ̀ tí ara yóò fi balẹ̀. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà láti dá bàbá padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ni Ọlọ́hun fi dá a padà. Bàbá tún ẹní rẹ̀ tẹ́, ó sì tún Àlàásárì kí. Bóyá ó pọn dandan fún un láti tún un kí tàbí kò pọn dandan, àwọn onífíkíhì ni ó ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó dájú ni pé ó pẹ́ nínú rúkúù ní ọjọ́ náà débi pé ọmọ tí ó dúró tì í rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì ní ọmọ, kí á má tíì wá sọ ti ọmọ-ọmọ, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìkan ni èyí. Àbúrò yín tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan náà ń wò yín. Kò gbọ́ àlàyé tí ẹ ń ṣe nínú ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ti tì ni ó ń kọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kò gùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ń fi àgolo ṣeré nílẹ̀, iná mànàmáná sì lọ lójijì. Kò ké. Kò béèrè fún àtùpà. Ó kàn pè pé, "Bàbá àgbà?" Bàbá ní, "Mo wà níbí." Ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ti ka áyà 186 nínú Súrà Al-Baqarah, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé Òun súnmọ́ ẹrú Òun, tí Òun sì ń jẹ́ ìpè ẹni tí ó bá pe Òun, kí ó ro ohun tí òun máa ń ṣe nígbà tí òkùnkùn bá bo òun, bóyá ilé aláwo ni ó kọ́kọ́ ń sáré lọ tàbí ilé olówó.

Ọ̀rọ̀ àkàrà wá ńkọ́? Bàbá ń lọ kí ìrun Ìṣáì ní alẹ́ kan, ọmọ náà sì di etí aṣọ rẹ̀ mú pé òun yóò bá a lọ. Kí ó lè ráyè jáde, ó sọ fún un pé, "Dúró dè mí níbí. Mo máa ra àkàrà bọ̀ fún ọ." Ọmọ jọ̀wọ́ aṣọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá lọ, ó kírun, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn ìrun, ọ̀rọ̀ ìlú pọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí ó padà dé, ó bá ọmọ náà ní ẹnu ọ̀nà níbi tí ó fi í sí gan-an, ó ti sùn lọ ní ìjókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ara ògiri, àwo rẹ̀ kékeré sì wà lórí itan rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Mo ní kí ó wá sùn, ó ní ẹ ní kí òun dúró."

Abu Dawud gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Amir pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun pe òun pé kí òun wá gba nǹkan. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun wà ní ìjókòó nínú ilé wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá náà ohun tí ó fẹ́ fún ọmọ, ìyá sì ní dàbínù ni. Ànábì sọ fún un pé bí kò bá ní ohunkóhun tí yóò fún un ni, à bá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún un. Nítorí dàbínù ẹyọ kan, fún ọmọdé tí yóò gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́!

Ohun tí ó dun bàbá jù kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ìgbàgbé kì í ṣe irọ́. Ó dùn ún nítorí ó mọ̀ pé nígbà tí òun ń sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, kò sí àkàrà kankan nínú ọkàn òun. Ó tún bọ́ sí òde ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alákàrà ti gbé agbada rẹ̀ wọlé. Búrẹ́dì ni ó rí rà, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ náà, ó sì ra àkàrà lé e ní òwúrọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá sọ fún ọmọ náà pé "dúró dè mí", ọmọ a dúró, bàbá a sì dé. Ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé àwọn àgbà a máa sọ ohun tí wọn kò ní ṣe.

Ìgbà tí ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ̀kọ́ ńlá dé. Bàbá wẹ̀ fún ọmọ náà, ó wọ jàlàbíà funfun fún un, ó sì mú un lọ sí mọ́sálásí. Ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ nígbà kùtúbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di rákà kejì, tí gbogbo ènìyàn forí kanlẹ̀, ó rí oríṣiríṣi ẹ̀yìn tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, ó sì yan ọ̀kan, ó gùn ún. Kì í ṣe ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ àgbà. Ẹ̀yìn àgbàlagbà mìíràn ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n kí sálámà ni àgbàlagbà náà fa ọmọ ní etí. Ó jágbe mọ́ ọn. Ó nà ọwọ́ sí ara òpó, ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó sì fi nà án ní ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ sunkún. Ojú bàbá àgbà rẹ̀ ni ó ń wò. Bàbá àgbà la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ta ni ó gbé ọ̀pá náà wá sí mọ́sálásí?

Àgbàlagbà náà sọ pé Ànábì ni ó pa á láṣẹ pé kí a lé ọmọdé jìnnà sí mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kí a yanjú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé Ibn Majah ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ hádíìsì ti sọ pé kò lágbára, nítorí àbùkù tí ó wà lára àwọn tí wọ́n gbà á wá. Èyí tí ó lágbára, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni ó ń sọ.

Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun alára, bàbá àgbà ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí Fátímà bí Hasan ní ọdún 3 lẹ́yìn Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí 625, tí ó sì bí Husayn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ogun wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà, ẹjọ́ ìlú wà lọ́rùn rẹ̀, ìmísí sì ń sọ̀ kalẹ̀ fún un. Bí ẹnìkan bá ní àwáwí láti sọ pé òun kò ráyè ọmọdé, òun ni. Síbẹ̀, Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Qatadah pé ó kí ìrun pẹ̀lú Umamah, ọmọ tí Zaynab ọmọ rẹ̀ bí, ní èjìká rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀. Bí ó bá dìde, a tún gbé e. Ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin ni, láàárín àwọn ènìyàn tí àwọn kan nínú wọn ń bo ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ láàyè kí Ìsìláàmù tó dé.

An-Nasa'i gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Shaddad ọmọ al-Had pé Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun jáde wá kírun, ó gbé Hasan tàbí Husayn dání. Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó kábárà, ó sì pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ kan débi pé Shaddad gbé orí sókè láti wò ó, ó sì rí ọmọ náà lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ènìyàn sọ pé àwọn rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni, tàbí pé ìmísí ń bọ̀. Ó ní kò sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ òun ni ó gun òun, òun kò sì fẹ́ kán an lójú títí yóò fi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Buraydah sì sọ pé ó wà lórí mínbárì ní ọjọ́ kan, ó ń ṣe kùtúbà, nígbà tí Hasan àti Husayn ń bọ̀ nínú ẹ̀wù pupa, tí wọ́n ń rìn tí wọ́n ń ṣubú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé wọn, ó sì sọ fún ìjọ pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tí ó ní àdánwò ni dúkìá àti ọmọ, nítorí òun kò lè fara dà á títí òun fi dá ọ̀rọ̀ òun dúró.

Al-Aqra' ọmọ Habis, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìran Tamim, rí i tí ó fi ẹnu ko Hasan lẹ́nu. Ó yà á lẹ́nu, ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò fi ẹnu ko ọ̀kan rí. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun wò ó, ó sì dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá ṣàánú, a kò ní ṣàánú òun náà. Ìwà al-Aqra' yìí pọ̀ nílẹ̀ wa, à ń pè é ní ìwà àgbà. Nígbà tí wọ́n sì gbé ọmọ kan tí ọmọbìnrin Ànábì bí lé e lọ́wọ́, tí ẹ̀mí ọmọ náà ń bọ́ lọ, omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn sàábé. Sa'd ọmọ Ubadah béèrè pé kí ni èyí. Ó ní àánú ni, tí Ọlọ́hun fi sínú ọkàn àwọn ẹrú Rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí a sọ mọ́sálásí di pápá ìṣeré. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun pa á láṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, pé kí a fi ìrun kọ́ ọmọ ní ọdún méje, kí a sì bá a wí lórí rẹ̀ bí ó bá di ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá na ọmọ ọdún mẹ́ta ti fi ọdún méje ṣáájú Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun. Kí òbí jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó mú un dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì gbé e jáde bí igbe rẹ̀ bá pọ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, fóònù àwọn àgbà ń dún nínú ìrun ju ọmọdé lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń mú ọ̀pá sí wọn.

Bàbá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ó mú ọ̀pá náà dání pẹ̀lú. Igi tòmátò ìyá àgbà ni ọ̀pá náà ń gbé dúró báyìí. Ṣùgbọ́n oorun kò kun bàbá ní òru. Ó rántí ọmọ kan.

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, ọmọ aládùúgbò, tí kò sí ẹni tí ó mú un wá sí mọ́sálásí, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó bú sẹ́rìn-ín nínú sàfù ní ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, bàbá sì fi ọ̀pá yìí nà án títí dé ìta. Ọmọ náà kò padà wá mọ́. Ó ti di géńdé. Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni ó ń ṣe, òdìkejì títì ni ìsọ̀ rẹ̀ sì wà sí mọ́sálásí. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni ó ń gbọ́ ìpè ìrun. Kì í sọdá.

Ó rọrùn láti kàn sọ pé ìmọ̀nà ọwọ́ Ọlọ́hun ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ọ̀pá wà?

Ní ọjọ́ kejì, bàbá sọdá títì. Ó dúró níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ṣí fìlà, ó sì sọ fún un pé òun wá tọrọ àforíjì nípa ohun tí òun ṣe fún un ní kékeré rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ dé fìlà yín. Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé." Ṣùgbọ́n kí bàbá tó sọ ohun tí ó jẹ́ gan-an ni ó ti ń sọ pé òun ti gbàgbé. Ó dúpẹ́, ó sì padà sídìí táyà rẹ̀. Kò wá ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò sì wá ní èyí tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ẹni tí ó bá ń retí pé àforíjì ọjọ́ kan yóò wo ọgbẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sàn kò tíì mọ bí ọkàn ènìyàn ti rí. Bàbá kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń kí i ní àlọ àti àbọ̀, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì fẹ́ràn ìsọ̀ náà nítorí táyà tí ó pọ̀ níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí wọ́n ń lọ kí ìrun Màgàríbì, ọmọ náà yà sí ìsọ̀ náà pẹ̀lú búùtà kékeré tí bàbá rà fún un. Ó dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ò ní kírun ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Mo ń bọ̀."

Gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ ìtumọ̀ "mo ń bọ̀" yẹn. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó lórí táyà kan, ó fi búùtà sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń dúró. Bàbá pè é láti etí títì. Ó dáhùn pé, "Bùrọ̀dá ní àwọn ń bọ̀." Ládàánì ti parí ìpè. Bàbá pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò mira.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ọmọ náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ó dúdú fún ìdọ̀tí táyà. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé omi wà nínú búùtà ẹ yẹn?"